Àkọ́bí mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ kò gbà: ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà, ẹ bá wa dá sí i

Ìyá Ìbejì Ìdúmọ̀tà

Ẹ kú àṣálẹ́ o, gbogbo ilé. Bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ni mo ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ó ti di ọdún 21 báyìí. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 17, ó ti ṣe WAEC tán, JAMB ló kù. Ó ní iṣẹ́ ìròyìn lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, ní kò sóhun tó jọ ọ́, àfi kó lọ kọ́ lọ́ọ̀ tàbí àkáǹtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí, torí òun ni kò jẹ́ kí n lè bá ọkọ mi sọ pé ó parí.

Lọ́dún tó kọjá, iná jó ilé kan tí wọ́n ń tajà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tiwa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹnu kò kò mọ́. Ẹnìkan ní àádọ́ta ṣọ́ọ̀bù ló jóná, ẹlòmíràn ní ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọmọ yìí mú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ gbèsè, ó ya ewé mẹ́rin nínú rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó máa fi dé, eérú ti dé kókósẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé níbo ló lọ, ó ní àgádágodo lòun lọ kà. Ó ní pákó ilẹ̀kùn ti jó tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgádágodo kì í jó, ó ṣì há sára irin tí wọ́n fi tì í. 23 ló kà. Ó wá wá àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ wọn àti ohun tí wọ́n ń tà sílẹ̀. Kò rí àwọn mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí wọn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yìí o. Mo ṣì tọ́jú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpótí owó mi.

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ọmọ ọdún 11 ni, Ìkẹjà ni wọ́n sì ń gbé, nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Délé Gíwá, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà níbẹ̀, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986. Títí dòní, bí wọ́n bá mú ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa wá sílé wa, tí kò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ìta gbangba ló ti máa ń já a, á sì ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé ó yẹ kéèyàn fi ọdún mẹ́rin kọ́ ohun tí gbogbo ẹni tó ní fóònù ń ṣe lónìí? Bó bá yẹ, ibo ló dáa nínú Èkó yìí? Kí ẹ sì sọ òótọ́ fún mi nípa oúnjẹ tó wà níbẹ̀. Ẹ má tan mí.

Akọ̀ròyìn Kóòtù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ ọjà, Olúwa á bùkún ọjà yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ àgádágodo yẹn. Àwọn mẹ́ta tí ọmọ náà kò rí, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò rí wọn, ìyẹn gan-an ló mú kí n jókòó dáhùn. Mo ti bá àwọn èèyàn tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé bí wọn kò bá rí ẹni mẹ́ta, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ fi sí wọn lẹ́nu.

Ọdún 1998 ni mo wọ UNILAG ní Akọkà. Mass Communication ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀ka yẹn sì ti wà láti 1966. Ẹ mọ̀ pé àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti là á sí wẹ́wẹ́ báyìí: iṣẹ́ ìròyìn dá dúró, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dá dúró, ìpolówó ọjà dá dúró, sinimá náà dá dúró. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì ń lo orúkọ àtijọ́. Nítorí náà, kí ọmọ tó kọ nǹkan sí fọ́ọ̀mù JAMB, kó wo orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ fi ń pè é dáadáa, kó má lọ kọ ìròyìn kó wá bá ara rẹ̀ nídìí ìpolówó ọjà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé, olùkọ́ wa kan ní kí a lọ sọ́jà Yábàá, kí kálukú mú ìròyìn kan bọ̀. Mo kọ ojú ewé méjì, inú mi sì ń dùn. Ìyá aláta kan wà nínú rẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀ ní Àbíkẹ́. Olùkọ́ yìí gba kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba ohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ ọ. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá náà pe ara rẹ̀. Òdo ni mo gbà. Ó ní bí n kò bá lè gba orúkọ ìyá náà sílẹ̀ bó ṣe pè é, kí ni mo fẹ́ kó gbàgbọ́ nínú ìyókù? Ó dùn mí dé egungun. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò tí n kì í ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n lè dáhùn ìbéèrè yín nípa ọdún mẹ́rin kò ṣẹlẹ̀ nílé ìwé.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọdún kẹta, kóòtù ni wọ́n fi mí sí. Ìgbòṣeré lónìí, Ìkẹjà lọ́la. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá sí kóòtù májísíréètì pé ó jí jẹnẹrétọ̀ gbé. Agogo mẹ́ta ti lù, a gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ kí agogo márùn-ún tó lù. Mo kọ ọ́ pé ọmọ náà jí jẹnẹrétọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: n kò kọ ọ́ pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Mo ti jókòó ní kíláàsì òfin ìròyìn fún odidi sáà kan. Mo mọ̀ pé olùjẹ́jọ́ ni ẹni tí adájọ́ kò tí ì dá lẹ́bi, kì í ṣe olè. Mo tiẹ̀ yege ìdánwò rẹ̀. Ìkánjú ló gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sí ojú ewé karùn-ún, pẹ̀lú àwòrán ojú rẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, kóòtù dá a sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló jí i. Ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ká ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn sí ọ̀nà mẹ́rin, ó fi etí ìró wé e, ibi tí wọ́n ti ká a ti ń ya. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní Òṣòdì ló ka á fún un. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì mi, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ títí tó fi gún, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé orúkọ ọmọ mi padà síbi tí ẹ ti mú un." A tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì, ìlà méjì, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan nínú lọ́hùn-ún. Ta ló máa rí i? Ó ti lé lógún ọdún, bí mo bá ti fẹ́ fi ìròyìn kóòtù ránṣẹ́, mo máa ń rí ìka ìyá yẹn lórí ìwé náà.

Ohun tí ẹni tó mú fóònù dání kò ní nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Fóònù á gbé ọ̀rọ̀. Kò ní sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀sùn, òmíràn wà tó jẹ́ ti ìdájọ́, àti pé ayé ọmọ ọlọ́mọ wà láàárín méjèèjì. Ilé ìwé á kọ́ ọ. Iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ á dán an wò. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ ìròyìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sùn nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó má sùn.

Òfin kan tún wà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2011, tó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ méje. Òun ni mo fi béèrè iye tí wọ́n ná sórí ẹ̀rọ omi kan tí kò tú ẹ̀kán omi rí ládùúgbò wa. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ọjọ́ méje náà sì di oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìwé náà dé ọwọ́ mi. Bí n kò bá lọ ilé ìwé, bóyá n kò ní mọ̀ pé mo lè béèrè.

Ó ku ti ẹ̀rù bàbá wọn. N kò ní sọ pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí náà kò gbàgbé Délé Gíwá, kò sì sẹ́ni tí wọ́n dájọ́ fún lórí ikú rẹ̀ títí dòní. Lásìkò yìí, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ni wọ́n máa ń fi pe akọ̀ròyìn sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, síbẹ̀ kò tí ì tán nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá mọ̀ pé ọmọ tó ka àgádágodo, tó kọ orúkọ, tó tọ́jú ìwé rẹ̀, nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa fi gbèjà ara rẹ̀ ju ẹni tó gbọ́ tó sì sáré kọ ọ́ lọ.

Ní ti oúnjẹ: ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan jẹ mí lówó oṣù méje rí. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀wà àgànyìn tí ìyàwó mi ń tà la fi rí owó ilé ìwé àwọn ọmọ san. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ lè ní kó má lọ.

Ọmọ Akọkà

Mọ̀mí, ẹ káalẹ́ mà. Ọdún kẹta ni mo wà báyìí. Ẹ̀gbọ́n wa Akọ̀ròyìn Kóòtù ti sọ ohun tó wúwo, ti kíláàsì ni màá sọ.

Kó má dúró di ìgbà tí wọ́n bá rán an lọ fi iṣẹ́ kọ́ra o. Rédíò wà nínú ọgbà wa, 103.1. LASU náà ní tiwọn ní Ọ̀jọ́, 95.7. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọlé ni mo lọ béèrè pé kí ni mo lè máa ṣe níbẹ̀. Ìjókòó ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń gé ohùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n máa kọ ojú ọjọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ṣì ń retí pé ilé ìwé ló máa fún wọn ní máíìkì, a sì ti fẹ́ parí.

Ilé iṣẹ́ tí mo ti fi iṣẹ́ kọ́ra kò san kọ́bọ̀. Abúlé Ẹgbà ni mo ti ń lọ, lójoojúmọ́. Owó ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú báyìí, mà, torí òun ló lé àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kúrò. Wọn kò ṣe ọ̀lẹ, owó ọkọ̀ ló tán.

Bí Akọkà kò bá bọ́ sí i, kó má jókòó sílé. Nigerian Institute of Journalism wà ní Ògbà, láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Dípúlómà ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe dìgírì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ti ibẹ̀ wá tí a jọ fi iṣẹ́ kọ́ra mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn jù mí lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kò Ṣe É Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é, mo sì fi í sílẹ̀. Ibi ìpàdé àwọn oníròyìn ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀gúnjẹ. Wọ́n ń pín in nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, orúkọ kálukú wà lára rẹ̀. N kò gba ti ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò gba ti èkejì. Ní oṣù tí a kò gba owó iṣẹ́ ìkẹta, ọmọ mi ní ibà, mo gbà á. Ìròyìn tí mo kọ nípa ọ̀gá yẹn dùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni mo ṣì ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan báyìí, owó ń wọlé dédé. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ, kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá a wá ohun kan mọ́ ọn tí á máa bọ́ ọ, kí ebi má bàa bá a kọ ìròyìn. Ẹ fún un ní ìsọ̀ bọ́tìnnì yẹn ní Sátidé kó máa tà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Abọ́rọ̀sáfẹ́fẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé. Ìròyìn Yorùbá ni mo ń kà lórí rédíò, kò sì sẹ́ni tó tí ì béèrè lọ́wọ́ yín níbí pé èdè wo ni ọmọ náà fi kọ ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́: Ìwé Ìròyìn, ti Henry Townsend, ní Abẹ́òkúta, ọdún 1859. Èkó tí a wà yìí náà, ní àwọn ọdún 1920, Èkó Àkéte jáde, Elétí Ọfẹ jáde, Akéde Èkó jáde. Erékùṣù tí ẹ ti ń ta bọ́tìnnì yẹn làwọn èèyàn ti ń jà lórí ìwé ìròyìn Yorùbá nígbà náà. Aláròyé dé ní 1996, BBC Yorùbá dé ní 2018. Ẹni tó bá mọ èdè yìí kọ dáadáa, tó mọ àmì sí orí ọ̀rọ̀, kò pọ̀ lọ́jà. Mo ti jókòó nígbà tí a ń wá ẹni gbà sí iṣẹ́. Àwọn ọmọ tó wá mọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi, ṣùgbọ́n a ní kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá, wọn kò mọ ìyàtọ̀ ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinúbú búra, tó sì kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, ìdajì wákàtí ló kù kí n ka ìròyìn. Ọ̀kan nínú wa kọ "ìyọkúrò ìrànwọ́". Mo ní rárá, ta ni ìyẹn máa yé? Awakọ̀ dánfó tó ń gbọ́ wa ní Mushin fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí epo tó fẹ́ rà. Ẹ̀yìn-ọ-rẹyìn, ohun tí a kà ni pé owó tí ìjọba máa ń fi kún owó epo kí ó má bàa wọ́n, ìjọba ò ní san án mọ́. Ó gùn. Ṣùgbọ́n kí n tó jáde ní sítúdíò, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa ti gbé kẹ́ẹ̀gì dání, ó ń béèrè àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó lọ tò sórí ìlà epo. Ó ti yé e.

Kó má fi Yorùbá sílẹ̀ nítorí pé ó wọ yunifásítì. Bó bá lè mú un mọ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn, kó mú un.

Ìyá Ìbejì Ìdúmọ̀tà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn lálẹ́ àná lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí mo dé ibi ìyá tó ká ìwé ìròyìn sí ọ̀nà mẹ́rin, ó ní kí n dúró. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún un kà fúnra rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Mo wá mú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ẹ má bínú, Yorùbá ló fi kọ ọ́, Abọ́rọ̀sáfẹ́fẹ́, ó tiẹ̀ fi àmì sí i. Bàbá wọn kò rí i rí. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta àpò ìrìn-àjò nínú rẹ̀. Ó ní: "Ó kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi alára, mo máa ń ṣì í kọ."

Kò tí ì ní bẹ́ẹ̀ ni o, kí n má purọ́ fún yín. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ibẹ̀ ná, pé kí a jọ lọ ní Sátidé. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀. Èmi náà sì ti sọ fún ọmọ pé Sátidé yòókù, òun ló máa máa ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Akọkà, ọmọ mi, láti CMS níbí, ọkọ̀ wo la máa wọ̀?

Ọmọ Akọkà

Ẹ wọ ti Yábàá, mà, kí ẹ sì wọ ti UNILAG níbẹ̀. Màá dúró dè yín lẹ́nu géètì láti agogo mẹ́wàá. Ẹ sọ fún àbúrò mi kó mú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dání.